Ibi Etí Nínú Oríkì Àjọkẹ́

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òwe tí bàbá mi fẹ́ràn jù nìyí. Ó máa ń pa á fún mi nígbà tó ń kọ́ mi ní ìwé kíkà nínú Bíbélì, lábẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nítorí pé oko àti abẹ́ igi yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ tèmi. Mo rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wẹ èkejì nínú ilé mi, ọwọ́ náà kì í sì í ṣe tèmi.

Sàídátù ni ìyàwó mi, ọmọ Isundunrin. Ilé mùsùlùmí ló ti wá, ilé onígbàgbọ́ ló wọ̀, Ọlọ́run kan náà la jọ ń bẹ. Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì la ti jọ wà kí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kẹta sẹ́yìn tó dé, nínú gbogbo rẹ̀ n kò rántí òwúrọ̀ kan tí kò kì mí.

Bí àkùkọ bá ti kọ lẹ́ẹ̀kejì, yóò ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò gbé omi ìbọ́jú mi sí ẹnu ọ̀nà yàrá, yóò kúnlẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀:

"Àdìgún ọkọ mi,
Ọmọ a-jí-gbọn-ìrì-ewé-iṣu,
Ọmọ a-kọ-ebè-rìbìtì-bí-ẹni-ń-to-ìkòkò,
Ẹ jí, oòrùn ti ń béèrè yín lẹ́bàá ọ̀nà oko.
Ẹni tó sùn kò mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́,
Ẹni tó jí ni Ọlọ́run ń bùn."

Ká má parọ́, mo máa ń ti jí. Ṣe ni n ó dijú, n ó máa mí bí ẹni tó ṣì wà lójú oorun, kó lè máa kì mí lọ. Òun náà mọ̀. Yóò kì mí dé ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò wá yí ohùn padà:

"Àdìgún, ẹni tó sùn kì í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó. Ẹ bọ́ síta o, omi ń tutù."

N ó bú sẹ́rìn-ín, n ó dìde. Orí mi á ti wú. Ọjọ́ tí orí bá wú báyẹn, igba ebè kì í ṣe nǹkan kan lójú mi. Nísinsìnyí tí mo bá rántí ohùn yẹn, pẹ̀lú òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí, tí wọ́n gbá, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé ìlú mìíràn ni mo gbé nígbà náà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, a sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, bí gbogbo Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti ń ṣe. Ọyẹ́ mú. Òjò kò sí lójú ọ̀run, a ò sì kó o wọlé fún ọjọ́ méjì. Bóyá ibẹ̀ ni eku ti gun orí rẹ̀, bóyá nínú abà ni, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ibà ló kọ́kọ́ mú Sàídátù. A se àgbo, a ra oògùn ibà, a rò pé ibà bí ibà ni. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára erìgì rẹ̀. A sáré gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ lọ fa oyin. Wọ́n ní ibà Lásà ni, èyí tí eku ń kó ran èèyàn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn ará Isundunrin ń ka Yásínì, èmi ń ka Sáàmù, mo ń wí pé, "Olúwa, dá a sí, bó ti wù kó rí, ṣáà dá a sí."

Ó yè. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n tẹ́ sí yàrá yẹn, òun nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí a délé, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń wí pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó béèrè irú omi tó dànù.

Ọjọ́ kẹta ni mo mọ̀. Mo bá a ní ìdí ààrò, mo ní, "Àjọkẹ́, ọbẹ̀ yìí ń jóná." Kò yíjú. Mo tún un wí. Nígbà tí mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ta gìrì, ó wo ẹnu mi, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Etí méjèèjì ti lọ. Dókítà kan ní Òṣogbo yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí. Ó ní àìsàn náà ti jẹ iṣan inú etí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí kò lè ṣe é lóore.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Ẹni tí a kí tí kò jẹ́, ìgbéraga la máa kà á sí. Ẹni tó kí Sàídátù láti ẹ̀yìn, tí kò rí ojú rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó, ó lọ rí ikú, ó bọ̀, kò rí èèyàn mọ́." Mo ń ṣàlàyé kiri títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni.

Ó dìde nínú ìjọ, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó fẹ́ fi oríkì yin Ọlọ́run. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń lọ sókè. Ibi tó yẹ kó ga, ó ń ṣubú. Àwọn ọmọge inú ẹgbẹ́ akọrin fi ìwé orin bojú, èjìká wọn ń mì. Etí rẹ̀ ló kú, ojú rẹ̀ ò kú. Ó rí wọn. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì pa ẹnu dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ọwọ̀. Mo gbọ́ tí ó gbé omi sílẹ̀. Mo dijú bí àtẹ̀yìnwá, mo ń dúró. Ó kan òpó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, ó sì lọ. Bó ṣe ń jí mi fún odindi ọdún kan àti oṣù díẹ̀ nìyẹn. Èmi náà, bí òmùgọ̀, mi ò yéé dijú.

Ìyìnolúwa, ọmọ wa tó wà ní Àbíjàn, máa ń pè ní ọjọ́ Àìkú.

"Papa, ṣé ara Màmá le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun."

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bọ́n, ó dáa náà, Ọlọ́run ṣeun."

Kí ni mo fẹ́ wí? Pé ìyá rẹ̀ wà láàyè ṣùgbọ́n kò sí nílé? Nǹkan kan ṣoṣo ni Sàídátù wí fún mi ní odindi oṣù kan, a jókòó ti ara wa níbi tí a ti ń bó pákí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ìyìn, lójú fèrèsé ọjọ́sí, mo ń rí ẹnu yín tó ń mì. Kí lẹ ní kí Ọlọ́run dá sí gan-an?"

Mo mú pákí mìíràn, mo ń bó o lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti wà lára mi bí ẹ̀gún, nítorí mo mọ̀ pé bí n kò bá dá a lóhùn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ, tí yóò fi ku èmi àti abọ́ omi àti òpó ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, a gbé pákí lọ síbi ẹ̀rọ tí Àyànníyì fi ń rin pákí fún ará ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àyànníyì, ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ ju ìyàwó lọ. Sàídátù dúró ti ẹ̀rọ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé igi tí wọ́n fi gbé e dúró. Mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́, ó tún fi lé e. Ó wá ní, "Bẹ́líìtì yìí máa já."

Àyànníyì ní, "Ìyá Ìyìn! Ẹ̀rọ tí mo tún ṣe lánàá? Àbí ẹni tí kò gbọ́ ohùn èèyàn ló ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ?"

Kò tíì bu agbọ̀n kẹta sí i tí bẹ́líìtì fi já pàù! Ó fò kọjá lórí gbogbo wa bí ejò tó ń fò. Àyànníyì ti wà lẹ́yìn dùrọ́ọ̀mù, ìdí rẹ̀ nìkan ló wà níta. Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Sàídátù náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí eyín rẹ̀ báyẹn gbẹ̀yìn.

Àyànníyì yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dákun, ẹ máa wá ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ wá máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí fún mi. Ọwọ́ yín ní etí!"

Wọ́n ṣe é ní àwàdà. Èmi ò fi ṣe àwàdà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó kan òpó, mo ti jókòó. Mo fà á wọlé, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé igbá àyà mi, mo ní, "Àjọkẹ́."

Ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ń dúró de èyí tó kàn.

Kò sí èyí tó kàn. Ọdún mọ́kànlélógójì tí ẹnu obìnrin yìí fi ń wẹ̀ mí lórí, n kò mọ gbólóhùn kan nínú oríkì tirẹ̀ kọjá orúkọ. Mo ní, "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́, Àjọkẹ́," bí ewúrẹ́ tó sọnù. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ gbálẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo di iṣu mẹ́fà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di Isundunrin. Àǹtí tó tọ́ Sàídátù dàgbà ṣì wà láyé, Ìyá Àgbà Wàlíyátù, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo bá òun àti àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àna mi, dìde. Kí ló gbé ọ wá láìjẹ́ ọjọ́ ọdún?"

"Ìyá, oríkì Àjọkẹ́ ni mo wá kọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sí, mà."

"Kí ni ọkùnrin wá fẹ́ fi oríkì ìyàwó rẹ̀ ṣe? Ìyá ló ń kì ọmọ, ìyàwó ló ń kì ọkọ. Ìwọ tí wọ́n ń kì, jókòó kí wọ́n kì ọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: etí, ọjọ́ ìdúpẹ́, òpó ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ Àyànníyì. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń pe Àjọkẹ́ bí ewúrẹ́, ó pariwo, "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ wá wò ó! Àna wa ti di ìyàwó ilé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín tí èèpo ẹ̀gúsí fi ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn, Qàwíyyàt, ní, "Bàbá, a kì í dọ̀bálẹ̀ kì èèyàn o. Ẹ kúnlẹ̀ bí tiwa!"

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀.

Mo yọ ìwé àti bírò. Ìyá Àgbà wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Fi ìyẹn sápò. Orí ìwé kì í wú." Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí kan sí mi níwájú. "Máa bó o. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu ti ń gbọ́n."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ṣi ohùn pè, á fi ìgbakọ lù mí lórúnkún. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni mo lọ. Mo purọ́ fún Sàídátù, mo fi ọwọ́ júwe fún un pé ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ni. Oríkì náà rèé:

"Àjọkẹ́, a-jọ-kẹ́-má-jọ-lù,
Ọmọ afínjú tí í fọ ojú odò kó tó pọn ọ́n,
Ọmọ a-rù-má-sọ̀ títí dé ilé ìyá àgbà.
Àjọkẹ́ elétí-bí-ewé-kókò,
Òjò ń ṣú bọ̀ ní Ola, ó ti gbọ́ ọ n'Isundunrin,
A-gbọ́-ẹkún-ọmọ-kọ́mọ-ó-tó-ké.
Rọra máa rìn, Àjọkẹ́,
Ẹni tí a jọ kẹ́ kì í dá sùn."

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibi etí, ìyá náà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó wo ojú òde, ó ní, "Ọmọ ọdún méje ni Àjọkẹ́ nígbà náà. Gbogbo ilé lọ sí ìsìnkú, èlùbọ́ ọdún kan gbáko wà lórí àpáta. Ojú ọ̀run mọ́ bí ẹyin. Ọmọ yìí sáré wá bá wa, ó ní òun gbọ́ òjò. A bú u. A ní ó ń wá ẹran ìsìnkú jẹ. Ó padà lọ, ó dá kó o wọlé, igbá kan lẹ́yìn òmíràn. Igbá tó kẹ́yìn ló wà lórí rẹ̀ tí òjò fi dé. Èmi ni mo fi ibi etí kún oríkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà." Ó nu ojú pẹ̀lú eteetí ìró. "Bóyá kí o fò ó."

Kò tíì pẹ́ tó fi mirí. "Rárá o. A kì í gé oríkì. Ohun tí èèyàn jẹ́ rí, ó ti jẹ́ ẹ. Ikú gan-an ò lè gbà á padà."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀kadà, ní gbogbo ọ̀nà dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ibi etí yẹn ń gún mi. Ta ni yóò gbé dígí fún ẹni tí iná jó lójú?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀ kẹrin, mo jí ṣáájú àkùkọ. Mo gbàdúrà. Mo fi ọwọ́ ara mi gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé omi ìbọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó la ojú, ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ìròyìn òkú ló dé bá wa láti Àbíjàn. Mo mirí. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé igbá àyà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀.

"Àjọkẹ́, a-jọ-kẹ́-má-jọ-lù..."

Ìka rẹ̀ le mọ́ mi láyà. Ó ń wo ẹnu mi. Mo dé ibi odò, mo rí i tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo dé ibi ẹrù, ètè rẹ̀ ti ṣáájú tèmi. Ẹni tí wọ́n ti kì láti inú òjá, kò nílò etí mọ́ láti mọ ibi tí oríkì òun ń lọ.

Ibi etí dé. Ọkàn mi kọ̀. Mo fò ó. Mo lọ tààrà sí, "Rọra máa rìn, Àjọkẹ́, ẹni tí a jọ kẹ́ kì í dá sùn," mo sì ń wo ilẹ̀.

Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó fi ìka kan kàn mí láyà, kó, kó, bó ti ń kan òpó ilẹ̀kùn.

"Ẹ ti fo ibì kan."

Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó wọ́, ó sì ga ju bó ti yẹ lọ. Ohùn Sàídátù ni.

Mo díbọ́n. Mo la ẹnu dáadáa kó lè rí i: "Níbo?"

"Àdìgún, ẹni tó sùn kì í fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó," ó ní. "Ibi etí lẹ fò."

Mo sunkún. Àgbà ọkùnrin, lórí orúnkún, níwájú abọ́ omi. Mo ní, "Mo rò pé yóò dùn ọ́."

Ó ka ẹnu mi tán. Ó wo ojú fèrèsé, síbi àpáta ẹ̀yìn ilé tó ń mọ́ bọ̀ nínú ìrì. "Mo gbọ́ òjò ọjọ́ náà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ."

"Òun ni mo ní kí Ọlọ́run dá sí," ni mo wí. "Ọmọ tó gbọ́ òjò yẹn."

N kò mọ̀ bóyá ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, omijé ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n ó dìde jókòó, ó fa ìró rẹ̀ dé èjìká, ó gbé ọwọ́ kejì náà lé mi láyà, ó sì dijú bí ẹni tó wà lójú oorun.

"Bàbá Ìyìn," ó ní, "ẹ tún mi kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fo ibi etí."